Ìlànà ojoojúmọ́ Ayurveda fún ẹni tí ìpinnu ti sú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Kí ni wọ́n ń pè ní àárẹ̀ ìpinnu?

Ẹ wo ìyá kan tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ọmọ bi í pé, "Mọ́mì, kí la fẹ́ jẹ?" Ló bá jágbe mọ́ ọmọ. Ìbéèrè ọmọ ò le rárá, ṣùgbọ́n láti ìdájí ni màmá yìí ti ń yan nǹkan: aṣọ tó máa wọ̀, ọ̀nà tí kò ní sí gosiloo, ẹni tó máa kọ́kọ́ dá lóhùn lórí WhatsApp, owó tó máa san lónìí àti èyí tó lè dúró di òpin oṣù, bóyá kó sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àbí kó dákẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, àtiyan láàárín ìrẹsì àti ẹ̀bà ti di iṣẹ́ ńlá.

Kì í mú gbogbo ènìyàn bákan náà. Ẹnìkan á kàn gba ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún un, ẹlòmíràn á máa ní "ẹ jẹ́ ó di ọ̀la" títí ọ̀rọ̀ á fi bàjẹ́, ẹlòmíràn á lọ ra ohun tí kò nílò. Ó lè jẹ́ pé orí àga lèèyàn jókòó sí látàárọ̀, kó sì rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ti oko dé.

Ṣé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀?

Àríyànjiyàn ṣì wà níbẹ̀. Ní 1998, Roy Baumeister, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé bisikíìtì ṣokoléètì àti radish, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kan tó ń ta lẹ́nu, síwájú àwọn tí ebi ń pa, wọ́n ní kí àwọn kan má fọwọ́ kan bisikíìtì. Àwọn tó kó ara wọn níjàánu yìí ló tètè pa àdììtú tí wọ́n gbé fún wọn lẹ́yìn náà tì. Láti ibẹ̀ ni èrò ti gbilẹ̀ pé agbára tí a fi ń kó ara wa níjàánu a máa tán. Nígbà tó di 2011, ìwádìí kan lórí àwọn adájọ́ tó ń dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ní Ísírẹ́lì sọ pé ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó máa ń rí ojúrere ní nǹkan bí ìgbà 65 nínú ọgọ́rùn-ún, tí èyí á sì máa já wálẹ̀ títí dé ẹ̀gbẹ́ òdo kí wọ́n tó lọ jẹun.

Ìtàn yẹn dùn, gbogbo ayé ló ń tún un sọ. Àmọ́ lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn mìíràn fèsì pé ẹjọ́ wọ̀nyẹn kò kàn tò bó ṣe wù ú: àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní lọ́yà ló sábà máa ń bọ́ sí ìparí ìjókòó. Nígbà tí ilé ìwádìí 23 sì pawọ́ pọ̀ dán ọ̀rọ̀ agbára tó ń tán yìí wò ní 2016, lára ènìyàn tó lé ní 2,000, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan mú.

Nítorí náà, mi ò ní sọ fún yín pé ọpọlọ ní epo tó ń gbẹ. Ohun tí mo dúró lé kéré ju ìyẹn lọ: nǹkan tí a bá ti pinnu lẹ́ẹ̀kan, tí a sì ti fi sí àyè rẹ̀, kò tún ní dá wa dúró lọ́la. Obama sọ ọ́ ní 2012, nígbà tó wà lórí oyè, pé súùtù aláwọ̀ eérú tàbí búlúù nìkan lòun ń wọ̀, nítorí ìpinnu tó ń dúró de òun ti pọ̀ ju kí òun tún máa ronú lórí aṣọ àti oúnjẹ. Ìyẹn ò gba ìwádìí kankan kó tó yé èèyàn.

Kí ló wá kan Ayurveda nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ayurveda ni ìṣègùn àbáláyé ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn ìwé rẹ̀ tó lórúkọ jù ni ti Charaka, ti Sushruta, àti Ashtanga Hridayam tí Vagbhata kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje. Orí kejì ìwé Vagbhata yìí dá lórí ohun kan ṣoṣo: bí ènìyàn ṣe máa lo ọjọ́ rẹ̀ láti ìgbà tó bá jí. Dinacharya ni wọ́n ń pè é. Ó tò ó ní ẹsẹẹsẹ: ìgbà tí a ó jí, bí a ó ṣe fọ ẹnu, ìgbà tí a ó fi òróró para, ìgbà tí a ó ṣe eré ìdárayá, ìwẹ̀, oúnjẹ.

Kò sí ibì kan tí wọ́n ti dárúkọ àárẹ̀ ìpinnu níbẹ̀, ẹ má gbà fún ẹni tó bá sọ fún yín pé ó wà. Ohun tó wà nínú ìwé Charaka, tó sì sún mọ́ ọn, ni prajnaparadha. Ẹni tí èyí bá mú mọ ohun tó dára fún un, síbẹ̀ òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣe, torí òye rẹ̀ ti yẹ̀, ìkóra-ẹni-níjàánu rẹ̀ ti dẹ̀, ìrántí rẹ̀ ti fò. Charaka kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa àìsàn. Ẹ rántí ara yín pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ní aago kan òru, tí ẹ mọ̀ pé aago márùn-ún lẹ máa jí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kọ́ nìyẹn.

Dinacharya ò dúró de ìgbà tí òye bá yẹ̀. Ó ti to ọjọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó mọ́.

Kí ni àwọn nǹkan tí wọ́n ń ṣe náà gan-an?

Lẹ́yìn tí a bá jí tí a sì ti yàgbẹ́, ẹnu ló kàn. Igi ni wọ́n ń fi fọ eyín nígbà náà, Vagbhata sì sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí: kó tọ́, kó nípọn tó ṣóńṣó ìka ọmọdìnrín, kó gùn tó ìbú ìka 12, kó sì jẹ́ igi tó korò, tó ta tàbí tó ń pa ẹnu pọ̀. Ẹni tó bá ti run orín ìdí tàbí orín àtá rí ò nílò àlàyé. Kódà igi neem tí wọ́n fẹ́ràn jù ní Íńdíà fún iṣẹ́ yìí, dóńgóyárò tiwa yìí ni.

Ahọ́n ló tẹ̀lé e. Charaka ní wúrà, fàdákà, bàbà, tánńganran tàbí idẹ ni kí a fi ṣe ohun tí a ó fi ha á, kó tẹ̀, kó má sì mú. Èyí tí wọ́n ń tà lónìí jẹ́ ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tó ní ibi ìdìmú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ yọ ahọ́n síta, ẹ gbé e lé ẹ̀yìn ahọ́n níbi tí kò ti ní mú yín bì, kí ẹ sì rọra fà á bọ̀ wá síwájú. Nǹkan funfun kan, nígbà mìíràn tó pọ́n díẹ̀, á tẹ̀lé e. Ẹ ṣàn án dànù, ẹ tún fà á bíi ìgbà márùn-ún. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ má fi agbára ṣe é. Tí ahọ́n bá ń ta yín lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ti le jù.

Òróró wá kàn, abhyanga. Gbogbo ara ni, ṣùgbọ́n orí, etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni Vagbhata tẹnu mọ́. Òróró yànmọ̀tí ni wọ́n ń lò jù; ní Kerala, níhà gúúsù Íńdíà, àdín àgbọn wọ́pọ̀. Ẹ má gbé òróró léná tààrà. Ẹ gbé ìgò kékeré rẹ̀ sínú abọ́ omi gbígbóná kí ẹ tó lọ fọ ẹnu. Á ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó ṣe tán. Ẹ fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fà á lórí eegun gígùn, kí ẹ yí ọwọ́ po lórí oríkèé. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá lọ wẹ̀. Ẹ ṣọ́ra nílẹ̀ balùwẹ̀, ó ń yọ̀.

Eré ìdárayá: ìdajì agbára yín ni ìwé sọ, ìyẹn ni pé kí ẹ dúró nígbà tí òógùn bá ti ń jáde níwájú orí, tí ẹ sì ti ń fẹnu mí. Ìwẹ̀: omi gbígbóná dára láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a má dà á lé orí, nítorí irun àti ojú. Ìlà kan péré ni èyí nínú ìwé, ó sì ti parí àríyànjiyàn omi gbígbóná àti omi tútù láàárín tọkọtaya mélòó kan tí mo mọ̀.

Ṣé gbogbo èyí ni kí n máa ṣe? Ibo ni mo ti fẹ́ rí àyè?

Rárá o. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n á ka ìlànà oníṣẹ́ ogún, wọ́n á ra ìgò méje, nígbà tó bá fi di ọjọ́ kẹrin, àárọ̀ wọn ti ní ìpinnu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: òróró wo lónìí, ewé wo, ṣé kí n kọ́kọ́ ṣe yóga àbí kí n kọ́kọ́ mu omi? Ohun tí ẹ fẹ́ fi dín ẹrù kù ti di ẹrù. Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹni tó ní ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fi òróró pa á lára ni ìwé àtijọ́ yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Kò mọ ẹni tó ń sáré bá bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdù.

Mẹ́ta ni mo máa ń sọ pé kí ènìyàn mú: ẹnu fífọ̀ pẹ̀lú ahọ́n ní kété tí ẹ bá jí, oúnjẹ ọ̀sán tí àkókò rẹ̀ kò yẹ̀, àti aago kan pàtó tí ẹ ó máa sùn. Èkíní ò ná yín ní nǹkan kan, ẹ ti ń fọ ẹnu tẹ́lẹ̀. Èkejì ló ń mú ọ̀sán dúró. Ẹ̀kẹta ló ṣòro jù, òun náà ló sì wúlò jù, torí alẹ́ ni ìpinnu burúkú ti máa ń wáyé. Ẹ fi òróró sí òpin ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó wà lójoojúmọ́, ẹ pa á sí àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan kí ẹ tó sùn, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ lé e kó má ba aṣọ ìbùsùn jẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò sí nínú Vagbhata, tèmi ni: ẹ yọ aṣọ ọ̀la sílẹ̀ kí ẹ tó pa òróró sí ẹsẹ̀.

Aago mélòó ni kí n máa jí?

Ìwé ní kí a jí ní brahma muhurta. Muhurta kan jẹ́ ìṣẹ́jú 48. Èyí tí à ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 96 kí oòrùn tó yọ, ó sì parí nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 48. Bí oòrùn bá yọ ní 6:40, láti 5:04 sí 5:52 nìyẹn. Àwọn èrò Èkó ti ń jí ṣáájú ìyẹn láìka ìwé kankan; Third Mainland Bridge ló ń jí wọn.

Ìlú tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni èyí ti rọrùn. Ẹni tó wà ní London kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé e bó ṣe wà: nínú oṣù kẹfà, oòrùn a máa yọ kí aago márùn-ún tó lù, èyí tó túmọ̀ sí pé aago mẹ́ta òru lẹ máa dìde, nínú oṣù kejìlá, ó máa ń di nǹkan bí aago mẹ́jọ kí oòrùn tó yọ. Ẹ mú aago kan tí iṣẹ́ yín gbà, kí ẹ di í mú, títí kan ọjọ́ Sátidé. Vagbhata fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ le ni kó jí ní àkókò yẹn. Abiyamọ tí ọmọ ò jẹ́ kó sùn kò sí lára wọn.

Oúnjẹ ńkọ́?

Ọ̀sán gangan ni Ayurveda gbà pé iná inú, agni, ń jó dáadáa jù, nítorí náà ọ̀sán ni oúnjẹ tó wúwo jù, kí ti alẹ́ fúyẹ́. Àwa sábà máa ń ṣe òdìkejì: búrẹ́dì àti tíì lọ́sàn-án, iyán ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Òfin kejì wọn ni pé kí a má jẹun lé oúnjẹ tí kò tíì dà. Ẹ̀kẹta: kí ìdá méjì nínú mẹ́rin ikùn jẹ́ ti oúnjẹ líle, kí ìdá kan jẹ́ ti omi, kí ìdá kan wà lófo.

Fún ọ̀rọ̀ wa, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí oúnjẹ ọjọ́ iṣẹ́ má jẹ́ ohun tí a ń rò. Kitchari ni àpẹẹrẹ tiwọn: ìrẹsì àti ẹ̀wà mung tí wọ́n sè pọ̀ títí ó fi rọ̀, pẹ̀lú ata ilẹ̀ pupa, kúmínì àti ghee, ìyẹn bọ́tà tí wọ́n yọ́. Ó dájú pé ẹ ò nílò ẹ̀wà Íńdíà kí ẹ tó ṣe èyí. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tiwa wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀. Ẹ yan oúnjẹ márùn-ún fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ kọ ọ́ mọ́ ara fìríìjì, kí ọmọ tó bá béèrè lọ kà á. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé tó ní ibùgbé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, a sì jẹ ẹ́ dàgbà.

Ṣé dandan ni kí n mọ̀ bóyá vata, pitta tàbí kapha ni mí?

Irú ara mẹ́ta tí Ayurveda ń kà nìyẹn. Fún ohun tí ẹ bá wá síbí, kì í ṣe dandan. Ní Íńdíà, vaidya, ìyẹn oníṣègùn Ayurveda, máa ń wo ahọ́n, á di ọrùn ọwọ́ mú, á béèrè oorun àti ìgbẹ́ kó tó sọ irú ara tí ènìyàn ní. Ẹni tó gba BAMS, oyè yunifásítì wọn nínú Ayurveda, lo ọdún márùn-ún ààbọ̀ lórí rẹ̀. Ìdánwò oníbèéèrè mẹ́wàá orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ó sì sábà máa ń parí síbi tí wọ́n ti fẹ́ ta nǹkan fún yín.

Ẹlẹ́sìn Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí ni mí. Ṣé kò ní ta ko ìgbàgbọ́ mi?

Ilẹ̀ Íńdíà ni àwọn ìwé yẹn ti jáde, orúkọ òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù sì wà níbẹ̀. Ahọ́n híha, òróró pípa àti kí a jẹun lásìkò kò ní ìbọ kankan nínú. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà á, kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kírun ti ní àkókò ìrun márùn-ún tí kì í yẹ̀ lójúmọ́. Ẹ so ahọ́n híha mọ́ àlùwàlá àárọ̀, ẹ so oúnjẹ ọ̀sán mọ́ àyìlà, kí ẹ sì sùn lẹ́yìn ìṣáà. Bákan náà ni fún ẹni tó ń gba àdúrà òwúrọ̀ pẹ̀lú ẹbí: lẹ́yìn "Àmín" ni nǹkan tó kàn á máa bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ewé àti oògùn rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní gbòǹgbò ashwagandha ń mú ọkàn balẹ̀.

Níbí ni kí ẹ ti dẹsẹ̀ dúró. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2004, àwọn oníwàádìí ra oògùn Ayurveda 70 ní àwọn ṣọ́ọ̀bù agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà. 14 nínú wọn ní òjé, mákúrì tàbí arsenic nínú, májèlé sì ni gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n tún ṣe irú ìwádìí yìí lórí 193 tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jáde ní 2008, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló tún rí bẹ́ẹ̀. Ashwagandha ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, ìlú Denmark sì fòfin dè é ní 2023. Igi dídùn tí wọ́n ń pè ní mulethi a máa mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Aboyún, ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀ tàbí ti thyroid (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn), àti ẹni tó ń lo oògùn dókítà lójoojúmọ́, kí wọ́n má gbé ọ̀kan mì láìsọ fún dókítà wọn. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á ní Nàìjíríà, kó wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ìlànà tí mo ń sọ kò nílò wọn. Tí ẹ bá fẹ́ nǹkan gbígbóná mu nírọ̀lẹ́, ewé tulsi tí àwọn ará Íńdíà ń gbé gẹ̀gẹ̀ jẹ́ ìbátan efinrin.

Ọjọ́ mélòó ló máa gbà kó tó mọ́ mi lára?

Ìwádìí kan ní University College London tẹ̀ lé ènìyàn 96 tí wọ́n ń kọ́ àṣà tuntun. Ọjọ́ 66 ni ti ẹni tó wà láàárín, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti 18 dé 254. Wọ́n sì rí i pé ọjọ́ kan tí èèyàn bá fò kò ba nǹkan kan jẹ́.

Ta ni kó ṣọ́ra?

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó má fi oúnjẹ alẹ́ ṣeré nítorí pé ìwé ní kó fúyẹ́. Ẹni tí oúnjẹ ò dà nínú rẹ̀ tàbí tí ikun àyà ń yọ lẹ́nu, Vagbhata fúnra rẹ̀ ní kó má fi òróró para. Bí ó bá sì jẹ́ pé àtidìde lórí ibùsùn gan-an ti di ìṣòro, tí nǹkan tó ń mú inú yín dùn tẹ́lẹ̀ kò mú un dùn mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àárẹ̀ ìpinnu kọ́ nìyẹn, ó ti di ọ̀rọ̀ dókítà.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ṣé ìlànà yìí kàn mí?

Ó kàn yín, kódà ìwé náà ò gbàgbé yín. Vagbhata sọ pé ẹni tí kò sùn lóru kó sùn ní òwúrọ̀ fún ìdajì àkókò tó fi ṣàìsùn, kó sì jẹ́ kó tó jẹun. Èyí bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti ilé arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mu, torí ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí wọ́n á jẹun yó bámúbámú, tí oorun á wá kọ̀. Ìdajì yẹn kéré lójú mi fún ẹni tó ń ṣe é léraléra. Ẹ sùn tó bí ara bá ṣe gbà.

Ẹ má ka aago mọ́ oòrùn mọ́ nígbà náà. Ẹ kà á mọ́ ìjí yín: bí ẹ bá jí ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ahọ́n ló kọ́kọ́ kàn, oúnjẹ yín tó wúwo jù ni ti kí ẹ tó jáde, èyí tí ẹ ó jẹ láàárín òru á fúyẹ́. Ẹ ti dì í sínú abọ́ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ má baà dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń ta ìpápánu ní aago mẹ́ta òru, kí ẹ tún máa yan nǹkan.